Tótó, Ó Ṣe Bí Òwe: Lórí Ọ̀rọ̀ Olọ́rọ̀ àti Òfin Yunifásítì

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ tí yóò pa òwe níwájú àgbà láìfi 'tótó, ó ṣe bí òwe' tì í lẹ́yìn. Àwọn àgbà náà yóò sì dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gbólóhùn yìí sí ìtẹríba lásán. Ìtẹríba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wí bẹ́ẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kì í ṣe ti òun, pé ẹnu àwọn tó ṣáájú òun ni òun ti gbọ́ ọ, àti pé bí òun tilẹ̀ ń lò ó, òun mọ àwọn tó ni ín. Èrò tèmi ni pé gbogbo ohun tí àwọn yunifásítì wa ń fi òfin wá kiri lórí ọ̀rọ̀ òótọ́ nínú iṣẹ́ ìwé ló wà nínú gbólóhùn kékeré yìí. Ìdí tí òfin wọn kò sì fi ta gbòǹgbò ni pé wọn kò gbìn ín sí ilẹ̀ tí gbólóhùn náà ti hù.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dára láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1913 tí Ijebu-Ode Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlú ti ń fi owó àti ọlá ti ìwé kíkà lẹ́yìn. Ní ọdún 1982, wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí a sọ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní ọdún 2001. Ní ọdún 2005, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: yunifásítì tí a dá sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. Ní ọdún 2025 Ìjọba Àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́. Orúkọ tí yunifásítì yìí ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ yẹpẹrẹ. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó dá Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956, gbà pé ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń roko tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe búlọ́ọ̀kù ilé tí wọ́n ń gbé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo ayé ń kí ara wọn kú ọdún, àdúrà tí òun ṣe fún àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn ni pé kí ọ̀nà wọn má ṣe tẹ́jú. Ó kú ní ọdún 1994. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ ọkùnrin yìí wà lórí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá a kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, ẹni náà ti gbé ilé tí kò bá wọn ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Àwọn yunifásítì wa ní ọ̀rọ̀ méjì tí wọn kì í fi ṣeré. Ọ̀kan ni ìbúra tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń ṣe ní ọjọ́ ìgbàwọlé, nígbà tí ó bá wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó sì ṣèlérí pé òun yóò pa òfin mọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, pé a ti yẹ àwọn wọ̀nyí wò, a sì rí i pé wọ́n yẹ nínú ẹ̀kọ́ àti nínú ìwà. Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ kejì yìí. A mọ bí a ti ń wọn ẹ̀kọ́: ìdánwò wà, máàkì wà, ìwé àkọsílẹ̀ wà. Báwo ni a ṣe wọn ìwà? Bí a bá fi òótọ́ inú dáhùn, a óò rí i pé ẹni tí a kò rí mú ni a ń pè ní oníwà rere. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá ti sí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìbáwí, ìwà rẹ̀ ti pé. Ṣùgbọ́n èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwà kì í ṣe àìrímú. Olè tí ilẹ̀ kò mọ́ bá kò tíì di ọmọlúàbí nítorí pé òkùnkùn bò ó.

Láti mọ ohun tí yunifásítì rò nípa ìwà, ìwé òfin tí wọ́n ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí a kà, kí a sì kà á bí a ti ń ka ìwé lítíréṣọ̀, kí a béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti irú ohùn tó fi ń sọ ọ́. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ju yunifásítì kan lọ. Ohun mẹ́ta ni mo ṣàkíyèsí. Àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ìwé náà ń bá wí. Olùkọ́ kò sí níbẹ̀ àfi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń mú ọ̀daràn. Èkejì, ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti fífi pamọ́ àti ti rírí mú lọ: má ṣe mú ìwé wọlé, má ṣe wo ẹ̀gbẹ́, má ṣe bá ẹlòmíràn jókòó ṣe ìdánwò, bí wọ́n bá mú ọ, kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀ kí o sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta, ohun gbogbo ni wọ́n kó pọ̀ sí ojú kan. Aṣọ tó fún mọ́ra, ariwo lóru, ẹgbẹ́ òkùnkùn, magomágo ìdánwò àti jíjí èrò ẹlòmíràn kọ, gbogbo wọn ló tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹrù lórí àtẹ. Ọ̀dọ́ tó bá kà á yóò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ìyẹn ohun tí àwọn aláṣẹ kò fẹ́. Kò sí ibi tí ìwé náà ti sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn yàtọ̀, pé jíjí èrò gbé ń ba ohun tí yunifásítì wà fún jẹ́, nígbà tí aṣọ fífún kò ba ohunkóhun jẹ́ ju ojú ẹni tó ń wò ó lọ.

Nítorí náà, òfin di ọ̀rọ̀ ológbò àti eku. Èmi náà ti rí èso rẹ̀. Nígbà kan, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí n bá wọn yẹ àpilẹ̀kọ àwọn tó fẹ́ jáde wò. Mo ka ti ọmọkùnrin kan dé ojú ìwé ìdúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ọ̀wọ́n tó ń bójú tó àwọn ọmọ nígbà tí òun ń kàwé lóru. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìbànújẹ́ ló kù. Kì í ṣe orí kejì tàbí orí kẹta nìkan ni ó jí. Ó jí ọpẹ́ pàápàá. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí ó yẹ kí a ti mọ ẹni tó bí i, ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó jẹ ní gbèsè, òun náà ni ó rà ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé. Nígbà tí a pè é, kò mọ̀ pé ohun ìtìjú kankan wà níbẹ̀. Ohun tó wí ni pé bí gbogbo wọn ti ń ṣe é nìyẹn, àti pé kò sí ẹni tó máa ń ka apá ibẹ̀.

Àwọn kan wà, àwọn ọ̀mọ̀wé sì wà nínú wọn, tí wọ́n ń sọ pé kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ló ni èrò jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ń ta ìwé; wọ́n ní nínú àṣà tiwa, ọ̀rọ̀ kò ní olówó, gbogbo ìlú ló ni àlọ́, gbogbo ayé ló ni òwe. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó sì ń bu àwọn baba wa kù. Ẹ wo Ifá. Ibi tí ẹsẹ Ifá púpọ̀ jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ babaláwo àtijọ́ tó dá Ifá náà, kí a tó dé ibi 'a díá fún' tí a óò ti gbọ́ orúkọ ẹni tí a dá a fún. Kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rọ̀, a ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ fún. Wándé Abímbọ́lá àti àwọn mìíràn tó ti ṣe àlàyé lórí bí a ṣe to ẹsẹ Ifá kò fi apá yìí ṣeré rárá. Ẹ wo ìjálá. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní ọdún 1966, ṣàlàyé bí oníjàálá kan ṣe máa ń dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣi oríkì kì, tí yóò sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tí a bá wí yóò sì gbèjà ara rẹ̀ pé bí òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tó kọ́ òun nìyẹn. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé? Ìbà tí àwọn òṣèré wa ń jú kí wọ́n tó ṣí eré ń kọ́? Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ̀ pé ẹni tó bá ṣeré láìjúbà ti fi ara rẹ̀ wewu.

N kò sọ pé ọ̀nà àwọn baba wa àti ti yunifásítì dọ́gba láìkù síbì kan. Babaláwo kì í tọ́ka sí ojú ìwé. Oníjàálá lè tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí. A tilẹ̀ lè yìn ín. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìlú tí ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ó má baà sọnù àti ilé ẹ̀kọ́ tí ń wá ọ̀rọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn kan náà ni. Àwa náà mọ̀ pé a lè lo ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀, a sì mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí a ṣe bí ẹni pé àwa la dá a. Ohun tí yunifásítì ń pè ní ìtọ́ka sí, ìbà ni. Bí a bá fi ìyẹn kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì, kò ní pè é ní òfin àjèjì. Yóò mọ̀ pé ohun tí ìyá òun fi kọ́ òun nílé ni wọ́n tún ń béèrè.

Kí ló dé tí a kò fi kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìsàlẹ̀. Ní kíláàsì wa, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, olùkọ́ ń pe ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà fún un bí ó ti pè é, láìyí i padà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, òun ni yóò gba máàkì tó ga jù. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáhùn lè pàdánù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí a ti ń fi máàkì yin àdàkọ báyìí, a wá sọ fún ọmọ náà pé kí ó kọ àpilẹ̀kọ, a sì ní bí ó bá dà á kọ a ó lé e. Ta ni ó da ìrònú rẹ̀ rú? Síwájú sí i, ìwé pélébé tí olùkọ́ mìíràn ń tà fún kíláàsì rẹ̀, èyí tí ẹni tí kò bá rà á kò ní rójú rere, ibo ni orúkọ àwọn tó ti rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kó wà? Akẹ́kọ̀ọ́ kò fọ́jú. Ó ń rí i pé olùkọ́ òun kò júbà ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì tún wá fi ohun tí wọ́n ń pè ní 'sorting' kún un, níbi tí a ti ń fi owó ra máàkì, ọ̀rọ̀ di òtítọ́ tó dọ́jà tó kùtà: owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké.

Ọ̀rọ̀ owó yìí mú mi rántí ìtàn kan tí Ìjẹ̀bú kò lè sá fún. Toyin Falola ti kọ̀wé lórí àwọn tó ń rọ ayédèrú owó ní ilẹ̀ Yorùbá ní àsìkò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Ìjẹ̀bú sì wà lára ibi tí a ń dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. N kò mọ ìlú tí kò ní tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń wá. Ẹni tí ayédèrú owó ń pa lára jù ni ẹni tó ní ojúlówó lọ́wọ́, nítorí láti ìgbà náà lọ, gbogbo ọlọ́jà ni yóò máa yí owó wò, tí yóò máa gbọ́n ọn létí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé ẹ̀rí. Ọdún 1978 ni a dá JAMB sílẹ̀ kí ìdánwò kan ṣoṣo lè tó fún gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ní ọdún 2005, àwọn yunifásítì gba àṣẹ láti tún máa ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB, nítorí pé wọn kò gba máàkì ibẹ̀ gbọ́ mọ́. Wọ́n ń gbọ́n owó náà létí. Ní òpin ọdún 2023, oníròyìn kan fi hàn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde láti Kútọnu láàárín oṣù méjì péré. Nígbà tí ọdún 2024 wọlé, Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lo ọdún mẹ́rin gidi ní ilẹ̀ náà, tó jí lójoojúmọ́ lọ sí kíláàsì, ni a kó pọ̀ mọ́ àwọn tó ra tiwọn. Àwọn olóòótọ́ ló san gbèsè náà.

Àwọn kan yóò ní ojútùú rẹ̀ kò jìnnà, kí a mú ìjìyà le sí i. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí ìbéèrè ìdánwò WAEC jò káàkiri ní ọdún 1977, tí ọ̀rọ̀ 'expo' di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde ní ọdún 1984 tó ní ẹni tó bá ṣe magomágo ìdánwò lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ọdún 21! Ìyẹn ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ àwọn tí òfin náà ń halẹ̀ mọ́ lọ. Ìdánwò kò sì mọ́ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1999 wọ́n gbé òfin mìíràn jáde tó dín ìjìyà náà kù. Ní ọdún 1999 kan náà, Salisu Buhari, olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, fi ipò sílẹ̀ nígbà tí àṣírí tú pé kò gba oyè tó ní òun gbà ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn fún un. Nígbà tí ó di ọdún 2000, ìjọba dárí jì í. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó rí èyí ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé òfin kankan: ìjìyà wà fún ẹni tó kéré, ìdáríjì wà fún ẹni tó tóbi. Bí ìjìyà ti wù kó le tó, bí kò bá ti dọ́gba, kò lè kọ́ ènìyàn ní ìwà.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹjọ́ kan kún ara àwọn ìwé tó ṣe pàtàkì jù tí a ti kọ lórí ìwà ní yunifásítì wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agbẹjọ́rò nìkan ló ń kà á. Ní ọdún 1983, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Alága ìgbìmọ̀ náà ni Igbákejì Gíwá, ẹni tí rògbòdìyàn náà ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́. Garba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní ọdún 1986. Ó ní ẹ̀sùn ọ̀daràn bíi dídáná sun ilé, ilé ẹjọ́ ló ni ín. Ó sì ní ẹni tí ọ̀ràn kàn kò lè jókòó dá ẹjọ́ náà. Àwọn baba wa ti sọ èyí ní gbólóhùn kan: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹjọ́ yìí ni pé òótọ́ tí yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà tó ń gbà béèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ tó mú akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ òun náà ni yóò fẹ̀sùn kàn án, tí yóò jẹ́rìí, tí yóò sì tún jókòó láàárín àwọn tí ń dá a lẹ́jọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń kọ́? Ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1842 ni ètò kan ti wà tí ẹ̀jẹ́ òótọ́ jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ti pẹ́ tí àwọn fúnra wọn ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló dìbò ní ọdún 2022 pé kí lílé kúrò pátápátá má ṣe jẹ́ ìjìyà kan ṣoṣo mọ́. A lè wí pé ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúdé Ọba, tó rí bí ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́, kò ní wí bẹ́ẹ̀ ní wàrà. Ètò tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wàjà ní ọdún 2025, fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ jí ni. Àwọn tí a bí ní àkókò kan náà jọ ń dá owó, wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìlú, wọ́n jọ ń wọ aṣọ kan. Ẹni tó bá hùwà àbùkù, gbogbo ẹgbẹ́ ló ta epo sí láṣọ. Ilẹ̀ tó ní irú ètò yìí kò yẹ kí ó máa fi ọlọ́pàá nìkan ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn tó wọlé sí yunifásítì ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí ẹnì kan tó jẹ́ ayédèrú ń sọ ti gbogbo wọn di ohun tí a ń gbọ́n létí ni ìtìjú yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tí òfin kò lè ṣe.

Bí a kò bá tètè ṣe èyí, ayé yóò gbá wa sílẹ̀. Láti òpin ọdún 2022 ni ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé bí ènìyàn ti dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó ní fóònù. Àwọn yunifásítì ti náwó sórí ẹ̀rọ tí ń wá gbólóhùn tí a dà kọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ẹ̀rọ tuntun yìí ń kọ lè má sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ológbò kò rí eku mọ́. Òfin tó jẹ́ pé rírí mú nìkan ló mọ̀ ti dé òpin ọgbọ́n rẹ̀. Ìbéèrè tí ìbà ń béèrè nìkan ni kò tíì gbó: ta ni ó kọ́ ọ, kí ni ó sì yé ọ? Ẹ̀rọ lè kọ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò lè bá akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú olùkọ́ mẹ́ta láti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí oníjàálá ń ṣe nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Kí a dín iye ìwé tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn kù, kí a fi àkókò náà gbọ́ wọn lẹ́nu. Yóò ná wa ní wákàtí púpọ̀ àti olùkọ́ púpọ̀ sí i, mo mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí kò ní láárí náà ti ń ná wa ní ju ìyẹn lọ.

Kí àwọn tó ń kọ ìwé òfin tún un kọ. Kí wọ́n ya òótọ́ inú iṣẹ́ ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ àti ariwo. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹni tí ń búra mọ ohun tó ń búra lé lórí. Kí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ bá olùkọ́ wí, kí ó pa á láṣẹ pé kí ó dárúkọ àwọn tí òun ti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbàkúùgbà tó bá dúró níwájú kíláàsì. Iṣẹ́ tí ń bẹ ní Ìjagun kò kéré: olùkọ́ ni wọ́n ń mọ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó jí ìwé wò lè pa aláìsàn kan, kí a sì tètè mọ̀. Olùkọ́ tó jí ìwé wò yóò lo ọdún 35 níwájú àwọn ọmọ wa, yóò máa pe ọ̀rọ̀ tí kò mọ ibi tó ti wá, àwọn ọmọ náà yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní sí ẹnì kankan nínú wọn tí yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní, tótó.